Dóńgóyárò Tí Ìjì Kò Wó

Bí ẹ bá kọjá ní 1000 Housing Estate ní Màídúgùrì láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ka "A, B, D" láti inú ọgbà ilé kan tí géètì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹ má rò pé ilé-ìwé ni o. Ilé Ìyá Tìmẹ́hìn ni. Oyíndà lorúkọ rẹ̀ gan-an. Tíṣà ni ní ilé-ìwé gírámà ìjọba, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí iṣẹ́ ọba ti gbé òun àti ọkọ rẹ̀ wá sí Borno láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ẹkún ló bí kíláàsì náà. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n lọ sílé, ìyá Oyíndà ní kí Tìmẹ́hìn, ọmọ wọn, bu omi mímu wá fún òun. Ọmọ náà dúró, ó ń wo màmá àgbà lójú, kò gbọ́ ohun tó sọ. Hausa ló gbọ́. Màmá sunkún lọ́jọ́ náà, Oyíndà náà sì bá a sun ún. Nígbà tó padà dé Màídúgùrì, ó kó àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò jọ, ó fún wọn ní òfin kan ṣoṣo: ẹni tó bá ti wọ abẹ́ igi yìí, Yorùbá ni yóò sọ. Ẹni tó bá ṣèèṣì sọ Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì, òun ni yóò gbá gbogbo ewé abẹ́ igi kó tó lọ sílé.

Igi náà, dóńgóyárò ni. Fọláwẹwọ́, ọkọ Oyíndà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín lọ́dún tí wọ́n kó dé ilé náà. Ẹni tó bá mọ oòrùn Màídúgùrì nínú oṣù kẹrin mọ̀ pé ilé tí kò ní igi, ààrò ni. Igi yìí ti ga ju òrùlé lọ, ó pín sí méjì lókè, òjìji rẹ̀ sì máa ń bo ìdajì ọgbà. Fọláwẹwọ́ tún fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ pèpéle yí ìdí rẹ̀ ká. Bó bá bọ́ bàtà, tó jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ò lè rán an níṣẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹfà, ìjì àkọ́kọ́ ọdún náà dé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe níbẹ̀: eruku pupa á kọ́kọ́ dìde láti ìlà-oòrùn, ọ̀sán á ṣú, kálukú á máa sáré ká aṣọ. Afẹ́fẹ́ náà ṣí páànù lórí ilé mẹ́ta ní òpópónà wọn, ó wó ògiri ẹnì kan, òjò ńlá sì tẹ̀lé e. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tọkọtaya náà jáde láti wo ohun tó bàjẹ́. Ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kún ilẹ̀. Dóńgóyárò dúró.

"Ìyá Tìmẹ́hìn, wá wo nǹkan," ni Fọláwẹwọ́ wí. "Ìjì tó ṣí páànù Alhaji Bukar kò rí tèmi gbé ṣe. Igi tí èmi gbìn nìyẹn."

"Ẹ̀yin gbìn ín, èmi ni mo bomi rin ín," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká pín ìyìn náà."

Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Pèpéle náà ti sán lápá ìlà-oòrùn. Ojú ibi tó sán gùn tó apá èèyàn, etí kan rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju èkejì lọ. Fọláwẹwọ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Omi òjò ló wọ abẹ́ ẹ̀," ó ní. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní wọ ibẹ̀. Màá pa ẹnu ẹ̀ dé lọ́la."

Ó sì pa á dé. Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó po sìmẹ́ǹtì, ó dí ibẹ̀, ó tẹ́ ẹ kó dán, ó wá fi ọ̀dà funfun kun pèpéle náà yíká. Ìdí rẹ̀ ni pé Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn òbí máa wá gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ wọn ti kọ́. Oyíndà ti ń múra rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ máa ki oríkì ìlú bàbá wọn, wọ́n á pa àlọ́, àwọn òbí á jókòó lábẹ́ igi, wọ́n á sì gbọ́. Ìdí igi náà wá mọ́ tónítóní. Àlejò kankan kò lè mọ̀ pé ibì kan sán níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, àwọn ọmọ dé. Láàárọ̀, ìhà ìwọ̀-oòrùn ni òjìji máa ń ṣubú sí, ibẹ̀ ni Oyíndà sì máa ń to bẹ́ǹṣì sí. Ọmọ kan pẹ́ dé, Morẹ́nikéjì, ọmọ ọdún méje. Bẹ́ǹṣì ti kún, ó bá lọ jókòó sórí pèpéle lẹ́yìn igi. Wọ́n ń ki oríkì lọ́wọ́ nígbà tí atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́. Ọmọ náà fò dìde.

"Àńtí, ƙasa tana motsi."

Àwọn ọmọ tó kù bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ohun tó kàn án. Oyíndà na ìka sí i.

"Morẹ́nikéjì, kí lòfin wa? Sọ ọ́ ní Yorùbá."

Ọmọ náà lanu, ó tún pa á dé. Ó wo ilẹ̀, ó wo igi. Kò mọ ohun tí Yorùbá ń pe ohun tó fẹ́ sọ. Oyíndà gbọ́ Hausa dáadáa. Ó mọ̀ pé ọmọ náà ní ilẹ̀ ń mì. Àmọ́ òfin lòfin, ọmọdé sì máa ń rí oríṣiríṣi nǹkan tí oríkì bá ti sú wọn.

"Bó o bá ti rí i sọ ní Yorùbá, wá bá mi," ó ní. "Kó tó dìgbà yẹn, ìgbálẹ̀ nìyẹn."

Morẹ́nikéjì gbá ewé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹnì kan kan géètì. Obìnrin tó bo orí kan ló wọlé pẹ̀lú Morẹ́nikéjì. Ìyá rẹ̀ ni, Sàmíát lorúkọ rẹ̀. Orí fóònù nìkan ni Oyíndà ti ń bá a sọ̀rọ̀, torí kéké ló máa ń gbé ọmọ náà wá láti ibùgbé àwọn olùkọ́ yunifásítì. Sàmíát kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá jà nítorí ìgbálẹ̀ o."

Oyíndà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Morẹ́nikéjì, ẹ dìde. Ó ti fẹjọ́ mi sùn nìyẹn?"

"Ó sọ fún mi, mà. Ó ní nígbà tí atẹ́gùn fẹ́, pèpéle gbé òun sókè díẹ̀, ó tún sọ òun kalẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa igi ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Mo ní kí n wá bẹ̀ yín, kí ẹ jẹ́ kí n wo igi náà."

Fọláwẹwọ́ jókòó sórí pèpéle gan-an, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Dókítà igi!" ó ní. "A ti rí dókítà ojú, a ti rí dókítà eyín. Ṣé ẹ gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání?"

Sàmíát bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sún mọ́ igi náà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó wò ó láti ibẹ̀, ó wá yí i po ní ọ̀ọ́kán.

"Ṣé bó ṣe tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn yìí náà ló wà tẹ́lẹ̀, sà?"

"Ó tẹ̀ kẹ̀?" Fọláwẹwọ́ dìde láti wò ó. Ohun téèyàn ń rí lójoojúmọ́, èèyàn kì í mọ ìgbà tó yí padà. Oyíndà mú fóònù rẹ̀, ó wá fọ́tò tí wọ́n yà ní Kérésìmesì. Nínú fọ́tò náà, igi dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó táǹkì omi, bí ẹgbẹ́ méjì. Báyìí, orí igi náà ti sún kúrò lára táǹkì, ó ti ń lọ sórí àwọn bẹ́ǹṣì.

"Ìjì yẹn ló tì í," ni Sàmíát wí. "Ta ló kun ìdí rẹ̀, sà?"

"Èmi ni. Ó sán díẹ̀ lẹ́yìn òjò, mo dí i."

"Ṣé apá ibi tí ìjì ti wá ló ti sán?"

"Apá ibẹ̀ náà ni."

Sàmíát mí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bí gbòǹgbò tó wà lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá bá já, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbé sókè, ohunkóhun tí wọ́n bá sì mọ lé e á sán. Àmì àkọ́kọ́ nìyẹn. Sìmẹ́ǹtì yín kò mú gbòǹgbò so padà, ó kàn bo àmì náà mọ́lẹ̀ ni."

"Ẹ wo ewé ẹ̀," ni Fọláwẹwọ́ wí. "Ó tutù yọ̀yọ̀, ó tún ń yọ òdòdó. Igi wo ló ń kú tó ń yọ òdòdó?"

"Omi tó wà nínú igi lè mú kí ewé tutù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí gbòǹgbò bá ti já, sà. Ewé kọ́ ló ń di igi mú. Gbòǹgbò tó nà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ló ń dì í mú, bí okùn ṣe ń di àgọ́ mú. Nígbà tí ẹ ń mọ pèpéle yìí, ṣé ẹ gé gbòǹgbò kankan?"

Fọláwẹwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣa èèpo ẹ̀pà rẹ̀ jọ. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a dáhùn.

"Méjì ló gé, wọ́n nípọn tó itan èèyàn. Wọ́n dí ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, ó ní àáké lòun máa fi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ó ti tó ọdún mẹ́jọ!" ọkọ rẹ̀ ráhùn.

"Àwọn tó kù ló ti fi ń dúró láti ìgbà yẹn, sà. Ìjì ọjọ́rú sì ti já nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún kúrò lábẹ́ ẹ̀."

Inú Fọláwẹwọ́ kò dùn. Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin tó gbin igi nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, tí obìnrin tó lè bí lọ́mọ wá ń sọ fún un pé igi náà kò dúró re. Ó ní òun máa fi hàn wọ́n pé kò sóhun tó ń mì. Sàmíát ní kó má lọ, kò gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ibi tó dí náà. Ó rí i pé ojú ibẹ̀ ti tún là, tín-ín-rín, láàárín ọjọ́ méjì. Ó ti orí ìka bọ̀ ọ́ láti wo bó ṣe jìn tó.

Atẹ́gùn fẹ́. Kì í ṣe atẹ́gùn tó lè gbé fìlà. Orí igi náà mì díẹ̀, ojú ibi tó là sì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀, ó pa dé, ó sì há ìka rẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ó fa ọwọ́ yọ tagbáratagbára, ó sáré kúrò lábẹ́ igi. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ létí èékánná rẹ̀. "Òótọ́ ni," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ó ń mì."

Oyíndà wo igi, ó wo ibi tó tẹ̀ sí, ó wo bẹ́ǹṣì mẹ́rin tó tò síbẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ìtìjú sì tún mú un lórí ẹ̀rù náà. Ó yíjú sí ọmọ kékeré tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Morẹ́nikéjì, o sọ fún mi. Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Má bínú sí mi."

"Ba komai, Àńtí," ni ọmọ náà wí, pé kò sí wàhálà. Ó wá bo ẹnu, ó ń wo ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Oyíndà fà á mọ́ra.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn ò sọ èdè tí ọmọdé náà gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ irú èèyàn bíi Fọláwẹwọ́. Kò gbà tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó wá gbà, ó gbà á ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní òun ń lọ pe Alhaji Bukar, aládùúgbò wọn tó jẹ́ Kànúrí, kó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá, kí wọ́n so okùn mọ́ igi náà, kí wọ́n fà á lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà," ni Sàmíát wí. "Igi tí gbòǹgbò ẹ̀ já kì í wó síbi téèyàn fà á sí. Ẹ wo wáyà iná tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ tún wo òkè, níbi tó ti pín sí méjì: ìlà dúdú yẹn, ó ti ya níbẹ̀. Ẹ̀ka ńlá kan sì ti ṣẹ́, ewé tó kù ló gbé e kọ́ sókè. Bí ẹ bá ń fa igi, orí èèyàn ló máa já lé. Àwọn tó níṣẹ́ ni ká pè."

Ó fúnra rẹ̀ pe iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igi, Fọláwẹwọ́ sì pe àwọn oníná. Igi tí ìjì ti bà jẹ́ pọ̀ nílùú, wọ́n ní kì í ṣe Ajé ọ̀la, ó di Ajé tó tẹ̀lé e. Sàmíát ní kí wọ́n ta okùn yí igi náà ká ní ọ̀nà tó jìn ju gíga rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀, kódà kí wọ́n má ṣe lọ kó bẹ́ǹṣì. Fọláwẹwọ́ ta okùn náà, ó so àkísà pupa mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà lọ, orí àga oníke níwájú ilé ló ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni igi náà wó. Oòrùn ń ràn, ewé kan kò mì. Oyíndà ń rẹ́ ilá ní kíṣìnnì nígbà tó gbọ́ ìró bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ líle ya, abọ́ sì mì lórí tábìlì. Nígbà tó fi máa jáde, igi náà ti na gbalaja sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ti là sí méjì níbi tó ti pín. Bẹ́ǹṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ abẹ́ rẹ̀, a kò rí ju ẹsẹ̀ ọ̀kan lọ. Nínú àwọn gbòǹgbò tó ta sókè lápá ìlà-oòrùn, méjì ti jẹrà dúdú níbi tí àáké ti gé wọn. Àwọn tó kù funfun, ojú ibi tí wọ́n ti já ṣì tutù.

Oyíndà dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Ọ̀rẹ̀fẹ́ àti Débọ́lá níwájú. Ayọ̀kúnmi, tó máa ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ìbejì Adékẹ́mi lẹ́yìn. Kò lè parí rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún kíkorò. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í.

Ní Sátidé, abẹ́ àgọ́ tí Alhaji Bukar ta sínú ọgbà tirẹ̀ ni àwọn òbí jókòó sí. Àwọn ọmọ ki oríkì, wọ́n pa àlọ́. Lẹ́yìn náà, Oyíndà ní kí Sàmíát bá wọn sọ̀rọ̀.

"Lẹ́yìn ìjì, ẹ má wo ewé nìkan," ó ní. "Ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ wo igi láti ìdí dé orí. Ṣé ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ti gbé sókè, tàbí ó ti sán? Ṣé igi tó dúró ṣánṣán tẹ́lẹ̀ ti wá ń tẹ̀? Ẹ wo ara rẹ̀, bóyá ó ti là gùn lọ, àti ibi tó ti pín, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya. Ẹ wo inú ewé, bóyá ẹ̀ka tó ti ṣẹ́ ń kọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí olú lára ìdí igi, tàbí ìyẹ̀fun bíi ti ibi tí wọ́n ti ń la pákó, inú rẹ̀ lè ti jẹrà tipẹ́. Ẹ sì máa wò ó léraléra fún oṣù mélòó kan, torí ìyọnu náà lè má hàn lọ́jọ́ kan náà."

Bàbá àwọn ìbejì náà, Adékẹ́mi, gbọ́wọ́ sókè. "Ṣé ká kúkú gé gbogbo igi inú ọgbà wa ni?"

"Ká wá máa yan lóòrùn? Rárá o, sà. Òmíì, ẹ̀ka kan péré ni wọ́n máa gé kúrò, á sì tún pẹ́ láyé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó wò ó. Àmọ́ ẹ má mọ pèpéle mọ́ ìdí igi, ẹ má sì gé gbòǹgbò rẹ̀ nítorí ìpìlẹ̀."

"Ẹ má sì fi sìmẹ́ǹtì dí ohunkóhun," ni Fọláwẹwọ́ wí láti ẹ̀yìn, ó na ìka tó wé ní báńdéèjì sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ìjì máa jà ládùúgbò tiyín náà. Bí ó bá lọ tán, ẹ yẹ igi ọgbà yín wò, ti ilé-ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Ẹ má gun igi tí ìjì ti jà, ẹ má fokùn fà á, ẹ má sì sún mọ́ èyí tó bá fara kan wáyà iná. Ẹ pe àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn. Bí ọmọdé bá sọ fún yín pé nǹkan ń mì, èdè yòówù kó fi sọ ọ́, ẹ lọ wò ó. Àmì kan ṣoṣo sì ti tó. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ igi náà, ẹ lè wá jiyàn lẹ́yìn ìyẹn.